Oògùn Tí Kò Lórúkọ Nínú Ọgbà Òdòdó Wa

Ilé Ìtọ́jú Àwọn Àgbàlagbà,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Mójú Tó Ọgbà Ìlú,
Yàrá Kẹsàn-án, Ilé Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

KÒKÒRÒ ARA ÒDÒDÓ RÓÒSÌ ÀTI OÒGÙN TÍ Ẹ FI Ń PA WỌ́N

1. Ó di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń tọ́jú ọgbà ilé yìí. Ìyá tó bí mi ń gbé níbẹ̀, ní yàrá kẹrin. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àwọn róòsì.

2. Lóṣù tó kọjá, àwọn kòkòrò wínníwínní aláwọ̀ ewé bo àwọn ọ̀mùnú róòsì, wọ́n ń fa omi ara wọn mu. Omi ọṣẹ ni mo ń fi wẹ̀ wọ́n láràárọ̀. Àwọn kòkòrò pupa alámì dúdú tó máa ń jẹ wọ́n náà ti dé. Àwọn wínníwínní náà ti ń dínkù. N kò ránṣẹ́ pè yín.

3. Ẹ rán ọ̀gbẹ́ni kan wá tó pọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn sẹ́yìn. Kẹ́ẹ̀gì tó gbé dání kò ní ìwé kankan lára. Mo béèrè orúkọ oògùn náà, ó ní wọ́n kàn ń wọ̀n ọ́n fún òun ni. Ọwọ́ lásán ló fi pò ó.

4. Lọ́jọ́ kejì, mo gbá òkú kòkòrò pupa, oyin àti alángbá jọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àwọn wínníwínní padà, wọ́n pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ẹ ti pa àwọn tó ń jẹ wọ́n. Ẹ tún rán ọ̀gbẹ́ni náà wá pẹ̀lú èyí tó le jù bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹyẹ kan kò bà sí ọgbà wa mọ́.

5. Aránṣọ ni màmá mi. Bó ṣe máa ń fi ètè há píìnì nígbà tó ń ránṣọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fi ètè há igi róòsì ọgbà wa bó bá ń tò ó sínú ife. Mo kìlọ̀ títí, ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀ láìdábọ̀. Dókítà ní òun kò mọ ohun tí òun lè fún un bí òun kò bá mọ oògùn tó wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wá sí ọ́fíìsì yín. Akọ̀wé ní fáìlì wà lọ́wọ́ ẹni tó lọ fún ìsinmi. Ẹ̀rù ń bà mí, Ọ̀gá.

6. Ẹ ti kọ̀wé pé ẹ óò tún fín in lọ́jọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

7. Lánàá, ìyàwó ọ̀gbẹ́ni náà wá bá mi ní ẹnu géètì. Láti ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ rẹ̀ kò ti lè dìde, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu òun náà. Obìnrin náà ti dé ọ́fíìsì yín lọ béèrè orúkọ oògùn yẹn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.”

8. Mo fi gbogbo ara bẹ̀ yín, ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ lónìí, ìwé pélébé kan tó. Ẹ má sì gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn fún ọmọ ẹlòmíràn.

Mo dúpẹ́ tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín tó ń retí èsì,
Olùtọ́jú Ọgbà