Àtàǹpàkò Tí Mo Túmọ̀ fún Màmá Mi

Ẹ̀yin ará mi, irọ́ ni mò ń pa fún ìyá tó bí mi, ó ti tó ọdún kan báyìí, ọ̀rọ̀ náà sì ti fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ má tíì bú mi o... Aránṣọ ni mí ní Pobè, màmá mi ń ṣe oko ní Issaba, wọn ò mọ̀wé. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí n fi fóònù pọ́tábù mi gba ohùn wọn sílẹ̀ fún Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n bí sí Faransé. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án! Wọ́n á kí i kú ilé, kú ìwé, kú òtútù, wọ́n á wá máa ki oríkì rẹ̀ títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Kí ni Àbẹ̀kẹ́ fi ń dáhùn? Àwòrán àtàǹpàkò kan péré! Kíá ló ń dé... ṣé ó tiẹ̀ gbọ́ ọ ni? Ẹ̀gbọ́n mi ò kọ́ ọ ní èdè wa, ṣé èmi ni kí n wá kọ́ ọ láti Pobè ni? Màmá á wá máa béèrè bóyá ọmọ náà kúnlẹ̀, torí nílé wa, tí àgbà bá ń ki ọ́, orí ìkúnlẹ̀ lo máa wà títí wọ́n á fi ṣe tán. Àánú wọn ṣe mí... mo ní àtàǹpàkò yẹn ló ń sọ pé ó ti kúnlẹ̀.

Ibi tí mo ti kó sí wàhálà nìyẹn. Gbogbo Issaba ló ti gbọ́ nípa ọmọ Faransé tó ń kúnlẹ̀. Wọ́n ń fi í bú àwọn ọmọ tèmi, àwọn tó ń kúnlẹ̀ lójoojúmọ́! Ó ká mi lára gan-an, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bínú sí?

Ẹ̀gbọ́n mi wá ní àwọn á pè lọ́jọ́ Àìkú, ìpè tí a ti máa rí ojú ara wa. Màmá ti pe àwọn àbúrò wọn láti Towé kí wọ́n wá wòran. Tí ọmọ yẹn bá jókòó gelete nígbà tí wọ́n ń ki í ńkọ́? Ojú wo ni màmá á fi wo àwọn èèyàn?

Lánàá mo kọ̀wé sí Àbẹ̀kẹ́ ní èdè Faransé, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kúnlẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Kíá ló dáhùn... àtàǹpàkò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọmọ báyìí lókè òkun, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún màmá kí ọjọ́ Àìkú tó pé, àbí kí n dákẹ́? Àtàǹpàkò yẹn... ṣé ó máa kúnlẹ̀ ni?