Ìyá Rẹ Ti Gun Òrùlé

Kábáwá, Lọ́kọ́ja,
Oṣù Kẹta, ọdún 1964.

Mọ̀ríámọ̀ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé ara rẹ le, ṣé o ń rí oorun sùn ní Ìbàdàn? Ọlọ́run tó fi odò Ọya sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa tí kò jẹ́ kó gbé wa lọ, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ níbikíbi tí o bá gùn dé. Àwa náà wà láàyè, ewúrẹ́ sì ti bímọ, ṣùgbọ́n àyà mi ò tíì balẹ̀ láti ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ ti dé, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ̀wé.

Nígbà tí o sọ pé iṣẹ́ rẹ ni kí o máa ya àwòrán ilé, kí o sì máa tún inú rẹ̀ ṣe, mo sọ fún gbogbo wọn ní mọ́sáláṣí pé ilé òyìnbó kan lo ti ń gbálẹ̀, pé tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀ o máa ń yàwòrán ṣeré. Wọ́n bá ọ ṣàdúà. Àfi bí o ṣe tún kọ̀wé pé o ti ya ilé ìdáná tuntun fún ìyá rẹ, pé Rebecca tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀ wá kí àwọn òbí rẹ̀ ní Òwórò, yóò sì yà bá wa kọ́ ọ. Mo gbà pé yóò mú bíríkìlà wá. Mo ra ẹja ńlá, mo ní kí wọ́n se oúnjẹ ọkùnrin. Nígbà tí lọ́rì dé, ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ló sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí mi bí àwọn ará Òwórò ṣe ń kí ni, ó ní ọ̀kun o. Mo dá a lóhùn, mo sì lọ wo ẹ̀yìn lọ́rì bóyá bíríkìlà náà ti sùn lọ síbẹ̀. Ó ní òun náà ni bíríkìlà. Mo jókòó lójijì, orí àpótí rẹ̀ ni mo sì jókòó lé.

Ó tẹ́ àwòrán rẹ sílẹ̀. Mọ̀ríámọ̀, mi ò fẹ́ bà ọ́ nínú jẹ́, ṣùgbọ́n o gbàgbé òrùlé. Gbogbo ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu, o sì ya abẹ̀bẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Rebecca ní kì í ṣe abẹ̀bẹ̀, pé bí ilẹ̀kùn yóò ṣe máa ṣí ni, pé bí ẹyẹ ṣe ń wo ilé láti òkè lẹ ṣe yà á. Mo bi í bóyá ẹyẹ ni yóò máa gbé ibẹ̀ ni. Mo ránṣẹ́ pe Lìádì, bíríkìlà tó kọ́ ilé tí a wà yìí. Lìádì wò ó, ó ní òun ò lè po sìmẹ́ǹtì lábẹ́ àṣẹ obìnrin, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìyá rẹ kàn dìde, ó so ìró rẹ̀ le, ó bọ́ sídìí yanrìn. Rebecca ń to búlọ́ọ̀kù, ìyá rẹ ń po sìmẹ́ǹtì bí ẹni tí wọ́n bí sẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, mo ti mọ́sáláṣí dé, mo bá ìyá rẹ lórí òrùlé, ó ń kan páànù mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò tí èéfín yóò máa gbà jáde. Ìyá rẹ o, Kàrímọ́tù, tí kì í gbà kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé òun! Kábáwá tú jáde, àwọn Tápà apẹja pàápàá gbé àwọ̀n wọn sílẹ̀, wọ́n ń wòkè. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ wéréwéré, pé ìtìjú fẹ́ pa mí. Kò pariwo. Ó ní:

"Bàbá Mọ̀ríámọ̀, èéfín ló ń pọ́n ojú mi láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín. Ẹ jẹ́ kí n kan ìṣó tó kù."

Ọmọ mi, gbọ́ o. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ ni ojú rẹ̀ ti ń pọ́n, mo sì rò pé inú ló ń bí i. Àìmọye ìgbà ni mo ti bẹ̀ ẹ́ lórí ohun tí mi ò ṣe. Mo di àkàbà mú fún un títí ó fi kan ìṣó náà tán.

Rebecca ti padà sẹ́nu iṣẹ́ yín ní Ìbàdàn. Èéfín ń gba òkè lọ, kò yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ojú ìyá rẹ ti funfun. Ó wò mí láàárọ̀ àná, ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i bí àlejò. Ṣùgbọ́n wàhálà kò tán. Àmínát ìyàwó Lìádì wá yẹ ihò èéfín wò, ó ní irú rẹ̀ lòun fẹ́, ìyá rẹ sì ti wà nílé wọn láti àárọ̀. Mo lọ yọjú. Lìádì fúnra rẹ̀ ló ń po sìmẹ́ǹtì, ìyá rẹ sì ń sọ fún un pé omi rẹ̀ ti pọ̀ jù. Lìádì ò wo ojú mi, èmi náà ò wo tirẹ̀. Ilé mẹ́ta mìíràn ló ti ránṣẹ́ pe ìyá rẹ.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ìṣó àti páànù. Má fi sí báńkì mọ́ o. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n fọwọ́ síwèé kí òun tó fún mi lówó ọmọ mi, mo bi í bóyá òun ló bí ọ. Fún awakọ̀ lọ́rì. Ohun kan tún kù, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ o, mo kàn mú kálàmù dání ni: ìyá rẹ ní kí o bá òun ra ṣòkòtò, nítorí ìró ń há sí àkàbà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o jábọ́. Ilé tí o bá yà yóò dúró, àwọn tó bá gbé inú rẹ̀ yóò máa súre fún ọ. Mo fẹ́ dákẹ́ níhìn-ín, ọbẹ̀ ti ń hó, kò sì sí ẹlòmíràn nílé tí yóò rò ó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Súbérù,
nínú ilé ìdáná.