Ojú Ìwé Kẹsàn-án

Màámi, ẹ kú ojú lọ́nà o. Ara mi le, òtútù Leeds ò rí mi gbé ṣe.

Ìwé tí mo yàwòrán sí nìyí, ìwé òfin eré jagunjagun táwọn òyìnbó ń jókòó sí tábìlì ṣe. Ẹ lè fi han ẹgbẹ́ àsàlátù yín ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ wọ irin dé ọrùn. Èmi ni mo ya ojú ìwé kẹsàn-án kúrò nínú ẹ̀dà tiyín. Jagunjagun obìnrin ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi ń ní kí n dín aṣọ rẹ̀ kù, mo sì ń dín in kù, títí ó fi ku ohun tí mi ò lè júwe fún yín. Ọ̀gá ò sọ irú ojú tó fẹ́ kí obìnrin náà ní, ni mo bá fún obìnrin náà ní ojú tí mo lè yà láìwo fọ́tò.

Ẹ bá mi kí Rodiat, àbúrò mi. Mi ò gbàgbé ojú rẹ̀. Tó bá bèèrè ojú ìwé kẹsàn-án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní eku ló jẹ ẹ́.

Ọmọ yín,
Abọ́dúnrìn