Ṣé Mo Lè Sùn Síbí Lónìí? Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Esnart Kunda Mwape (1949–2024)

Ní abúlé kan lẹ́yìn Luwingu, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1949, ni a bí Màmá Esnart sínú ìdílé Olú, ìran tí ó ń jẹ́ orúkọ olú inú igbó, tí í ṣe ìdílé ìyá wọn, Olóògbé Malita Chola. Bàbá wọn ni Olóògbé Shadrick Kunda, tí ó ń wa kùsà lábẹ́ ilẹ̀ ní Luanshya, tí ó sì ń wá sílé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọwọ́ àwọn obìnrin ni Màmá dàgbà sí. Ìyá ìyá wọn jẹ́ nachimbusa, àgbà obìnrin tí ń kọ́ ìyàwó kí ó tó wọlé ọkọ, gbogbo agbègbè náà ló sì mọ̀ ọ́n sí iṣẹ́ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Màmá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀ tí ìyá àgbà náà fi ń mọ àwọn ère tó fi ń kọ́ ìyàwó.

Ẹbí ti jókòó jíròrò bóyá kí a kọ ìtàn yìí bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń kọ ọ́, kí gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Àwọn kan ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Ṣùgbọ́n Màmá fúnra wọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí a bá máa fi ọ̀rọ̀ Katongo, àkọ́bí àwọn, pamọ́ nínú ìwé ìsìnkú àwọn, kí a má wulẹ̀ tẹ ìwé kankan. A ti tẹ̀ ẹ́. Kí ẹni tí kò bá lè kà á ṣí i sí ojú ewé orin.

Màmá ka ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Luwingu, wọ́n sì jáde ní 1966. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kitwe láti 1968 sí 1971. Ní 1977, wọ́n lọ sí Lusaka láti kọ́ ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ, ní ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ wọn ń sá fún wọ́ọ̀dù yẹn bí ẹni tó rí ejò. Màmá mọ bí a ṣe ń tẹ́tí sí ènìyàn. Aláìsàn tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì máa ń bá Màmá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kẹta. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní 1972 ni Màmá fẹ́ Olóògbé Gibson Mwape, awakùsà, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí ó máa ń fọ ìtẹ́dìí ọmọ fúnra rẹ̀, tí àwọn aládùúgbò sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Katongo ní 1973, Chisenga ní 1976, àti Kapembwa ní 1981. Nínú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n jọ gbé, bàbá wa kò gbé ọwọ́ sókè sí ìyàwó rẹ̀ rí. Ìfaradà tí Màmá kò nílò lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó kàn ló mọ̀, kò sì tíì kan Màmá.

Láti 1980 títí di 1997, kò sí nachimbusa tí orúkọ rẹ̀ ròkè tó ti Màmá ní Kitwe. Wọ́n ní ìkòkò amọ̀ kékeré kan tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ, tí ìdérí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ẹ̀kọ́, wọn yóò gbé e lé ìyàwó lọ́wọ́ kí ó ṣí i. Kò ní ṣí.

“Kí ló wà nínú ẹ̀?” ni Màmá yóò bi í.

“Mi ò mọ̀, Màmá.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ nìyẹn. Ará ìta ò gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Bó bá le, fara dà á.”

Àwọn ìyá yòókù á figbe ayọ̀ bọnu, wọ́n á jó. Ó lé ní igba ìyàwó tí ó gba ìkòkò yẹn lọ́wọ́ Màmá, tí ó sì dá a padà. Ní àwọn ọdún yẹn kan náà, nígbà tí Màmá bá wọ aṣọ funfun nọ́ọ̀sì, àwọn obìnrin kan ń wá sí wọ́ọ̀dù tí wọn kò rí oorun sùn, tí àyà wọn ń já bí ilẹ̀kùn bá dún. Màmá ń fún wọn ní oògùn oorun, wọ́n ń lọ sílé. A kò rò pé Màmá rí i nígbà náà pé àwọn ìyàwó tí àwọn kọ́ ló ń padà wá.

Katongo lọ sílé ọkọ ní 1994. Ìyá kì í kọ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀, ọ̀rẹ́ Màmá ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìkòkò Màmá ni ó lò. Ní ọ̀sán Sátidé kan, oṣù kẹjọ ọdún 1997, Katongo wá sílé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Natasha ní ẹ̀yìn, báàgì rẹ̀ ní ọwọ́. Chisenga ń já ewé elégédé nínú ilé ìdáná, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Màmá, orí ń fọ́ mi. Ṣé mo lè sùn síbí lónìí?”

“Kí lo ṣe fún un?”

“Mi ò ṣe nǹkan kan.”

“Ọkùnrin kì í ṣàdédé bínú, Katongo. Gba panadó yìí lò. Ṣé ọkọ ẹ ti jẹun?”

“Rárá, Màmá.”

“O ò rí nǹkan! Dìde, kóo tètè máa lọ kílẹ̀ tó ṣú.”

“Ó dáa, Màmá.”

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Chisenga ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbọ́n òun kò gbọ́ ohùn tó bá gba apá ọ̀tún wá. Ó ń já ewé rẹ̀ nìṣó. Nínú ìwé tí Màmá fi sílẹ̀, gbólóhùn méjì péré ló wà nípa ọ̀sán yẹn: “Mo rí etí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí.”

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, a lọ gbé òkú Katongo. Ẹni tí ó pa á ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà, ó jáde, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó sì ti di alàgbà ìjọ kan ní Ndola báyìí. A kò tẹ orúkọ rẹ̀ síbí, tàdáwà wọ́n. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ ikú wọn, ẹni tó bá kí Màmá ní “Ìyá Katongo” ń fi orúkọ ọmọ tí wọ́n lé padà pè wọ́n. Chisenga bẹ̀ wọ́n kí a máa pè wọ́n ní Ìyá Chisenga. Màmá kọ̀.

Wọ́n jáwọ́ nínú kíkọ́ ìyàwó. Ní 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ìjọba fi fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ: kíkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà àìsàn ọpọlọ, àti àwọn agbani-nímọ̀ràn, bí a ṣe ń tọ́jú obìnrin tí a ń lù nílé. Wọ́n ń sọ fún wọn pé ìbẹ̀rù kì í ṣe wèrè. Pé kí ọkọ jókòó síta. Pé oògùn oorun kì í ṣe ibi ìsùn. Pé kí ẹnikẹ́ni má ránṣẹ́ sí alárenà tó so ìgbéyàwó pọ̀, nítorí alárenà ló ń mú obìnrin padà wá sílé ìyà. Pé ọjọ́ tí obìnrin bá di ẹrù rẹ̀ ló léwu jù, kí a má sì tì í síta bí a kò bá mọ ibi tó ń lọ. Àwọn kan gbọ́. Àwọn mìíràn wá nítorí nshima, òkèlè àgbàdo tí a ń fún wọn lọ́sàn-án.

Gbogbo ẹni tí Màmá kọ́ ló mọ àga náà. Màmá á jókòó sórí rẹ̀ bí aláìsàn, báàgì lórí itan, ẹnìkan nínú kíláàsì á jókòó síwájú wọn. Obìnrin kan náà ni Màmá ń ṣe fún ogún ọdún, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ: “Orí ń fọ́ mi. Ṣé mo lè sùn síbí lónìí?” Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dáhùn pé “Kí lẹ ṣe fún un?” tàbí “Ẹ ti gbàdúrà sí i?”, Màmá á ní “Ó dáa,” wọn á gbé báàgì, wọn á pa ilẹ̀kùn dé, wọn kò sì ní padà wá mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Kíláàsì á jókòó ti àga òfìfo. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì dáhùn dáadáa, Màmá á ní “Ó tó,” wọn á dá a dúró níbẹ̀. Àwọn kan kọ̀wé fẹjọ́ wọn sùn pé olùkọ́ tí ń sá kúrò ní kíláàsì ni wọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Katongo ni, àfi Chisenga.

Ní 2004, ó kan Nọ́ọ̀sì Bupe Nsofwa, ó sì dáhùn bí ti àwọn yòókù. Bí Màmá ti gbé báàgì, Bupe dìde.

“Ẹ dúró níbẹ̀, Màmá! Ẹ ò ní jáde! Ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé ìkòkò yẹn lé mi lọ́wọ́ nígbà ìgbéyàwó mi? Ẹ ní ará ìta ò gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Eyín mi méjì ló ti kán. Ẹ wá ń gé máàkì mi lónìí pé mi ò mọ béèyàn ṣe ń béèrè?”

Màmá padà, wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n orí àga akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n jókòó sí.

“Òótọ́ lo sọ, Bupe. Èmi ni. Níbo lo máa sùn lónìí?”

Ilé wa ni Bupe sùn, fún oṣù mẹ́rin.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Màmá. Alága ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ ni wọ́n títí di 2006, nígbà tí wọ́n sọ níbi ìpàdé pé kí a yéé fi sùúrù pa ọmọ ọlọ́mọ. Ìjọ gba ipò náà lọ́wọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní ọ̀rọ̀ wọn ń tú ilé ká. Àwọn tó gba ipò yẹn ni yóò ka Bíbélì lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á ketekete.

Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, àrùn rọpárọsẹ̀ dá Màmá dùbúlẹ̀, ó sì kó ọ̀pọ̀ nínú iyè wọn lọ. Ọ̀rọ̀ kan ló kù lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá wọlé, ì báà jẹ́ dókítà tàbí ẹni tó ń gbálẹ̀, wọn á dì í lọ́wọ́ mú: “Màmá, orí ń fọ́ mi. Ṣé mo lè sùn síbí lónìí?” Dókítà kọ oògùn orí fífọ́. Pásítọ̀ gbàdúrà. Chisenga náà, tó mọ̀, a máa ní, “Ilé ìwòsàn lẹ wà, Màmá, ibí náà kọ́ lẹ ti ń sùn?” Màmá á ní “Ó dáa,” wọn á máa wá báàgì, wọn á fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, Bupe wọlé. Màmá bi í bí wọ́n ti ń bi gbogbo ènìyàn. Bupe fa àga, ó jókòó.

“Mo gbọ́ yín. Ibí lẹ máa sùn. A ò ní ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.”

Màmá dì í lọ́wọ́ mú ṣinṣin.

“Ìyá mi ò ní bínú?”

Chisenga mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀sán Sátidé yẹn lórí. Èyí kò sí níbẹ̀. Katongo kò sọ ọ́ rí, nítorí a kò fún un láyè tó máa fi sọ ọ́. Ìbéèrè yìí ni Màmá fi ń sọ “Ó tó” ní kíláàsì fún ogún ọdún, kí wọ́n má bàa dé ibẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kó bínú,” ni Bupe wí. “Ẹ ṣáà sùn.”

Màmá tú ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n sùn. Wọn kò wá báàgì mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2024, wọ́n dákẹ́. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n.

Ọmọ méjì ló gbẹ̀yìn wọn: Chisenga, tí ó wà nínú ilé ìdáná tí kò sì sọ̀rọ̀, tí ó sì ń sọ ọ́ fún yín báyìí, àti Kapembwa, olùkọ́ ní Solwezi. Ọmọ-ọmọ méje ló gbẹ̀yìn wọn, Natasha ni àgbà. Kò tíì lọ́kọ. Kí ẹnikẹ́ni má bi í léèrè lónìí. Àwọn tí Màmá kọ́, ìyàwó àti nọ́ọ̀sì, lé ní irínwó. Bí ẹ bá wà láàrin wa, ìkòkò náà wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Bupe ti fi ọ̀bẹ ṣí i. Ẹ yọjú sínú rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rí.

Ìyá Katongo, a kò mọ̀ bóyá inú ń bí Katongo sí yín níbi tí ó wà. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, ẹ má béèrè ohun tí ó ṣe. Ẹ sún síwájú lórí ẹní, kí ó rí àyè. Ẹ sùn re o, ẹ̀yin méjèèjì.