Ọ̀rọ̀ Ìkẹ́dùn Ẹgbẹ́ Akunlé Lórí Ikú Fẹ̀sọ̀gùn, Apoọ̀dà Wa

Sí ìyá àgbà, ìyàwó àti àwọn ọmọ Fẹ̀sọ̀gùn,

Pẹ̀lú ọkàn tí kò rí ibi fìdí lé ni àwa ẹgbẹ́ akunlé fi ń kọ̀wé yìí sí yín. Láti ìgbà tí a ti gbọ́ pé wárápá ká ọ̀gá wa mọ́ ojú oorun, tí ilẹ̀ sì mọ́ tí kò jí, iṣẹ́ kò jọ iṣẹ́ mọ́. A óò gun àkàsọ̀, a óò tún sọ̀ kalẹ̀, a ò ní mọ ohun tí a wá mú.

Ẹni tó fi "ẹ fẹ̀sọ̀ gùn" kọ́ gbogbo wa níṣẹ́ ni àkàsọ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀, tó sì forí gbálẹ̀. Ọgbẹ́ náà jinná, a rò pé ó ti parí. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni gìrì wárápá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e ṣánlẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé àpá tó kù nínú ọpọlọ ló fà á, àti pé kì í ràn. Síbẹ̀, àwọn kan nínú wa ń sá fún ife tó fi mumi, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde nípàdé, tó rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ní: "Ẹ jẹ́ kí n máa po ọ̀dà nísàlẹ̀. Ẹni tó ti wà nílẹ̀ kò tún bẹ̀rù ìṣubú."

Ó wá kọ́ wa pé bí gìrì bá gbé èèyàn, ká mú ohun líle kúrò nítòsí, ká dá a dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ká má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ká sì dúró tì í. Lọ́jọ́ tí obìnrin kan ṣubú níwájú ilé tí à ń kùn, tí èrò sá sẹ́yìn, àwọn tó ń sá fún ife yẹn gan-an ló kúnlẹ̀ tì í títí ojú rẹ̀ fi là. Nítorí Fẹ̀sọ̀gùn náà ni ẹnikẹ́ni nínú wa kì í fi í gun àkàsọ̀ láìdé akoto mọ́.

Ìyàwó wa, a mọ iye oorun tí ẹ fi du ara yín láti máa ṣọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ara yín lẹ́bi nítorí ìgbà kan ṣoṣo tí oorun gbé yín lọ.

A gbọ́ pé yàrá àwọn ọmọ kò tíì parí: ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó ló kùn ún dé, torí ó ti ṣèlérí fún yín pé òun kò ní gun ohunkóhun mọ́. A ń bọ̀ wá kun òkè rẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá fẹ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ọwọ́ wa ni yóò ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá sì pe ilé yín nílé àrùn, àwa ni yóò wá bá sọ ọ́.

Ìyá àgbà, òfò ọmọ kò ṣe é fẹnu sọ. Kí Ọlọ́run, Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ gìrì, fi ọwọ́ Rẹ̀ nu omijé yín. Kó jẹ́ kí oorun tún dùn nínú ilé náà, kó sì fún yín ní ìtùnú tí apá àwa kò ká. Àmín.

Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.