Ọmọ Alápatà Tí Kò Jẹran

Ruqoyah, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Kétu? Ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì ń lọ geere? Àwa náà wà, ara ìyá rẹ yá, orúnkún ló ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ lọ, ṣọ́ ẹ bọ̀.

Ọjọ́ tí o sọ lórí fóònù pé o ò jẹran mọ́, mo rò pé fóònù ti gé ìyókù ọ̀rọ̀ jẹ ni. Mo gbé e sétí títí, mo ń retí kí ìyókù dé, àfi ìgbà tí Màríyámọ̀ tó ni fóònù gbà á lọ́wọ́ mi. Háà! Ọmọ Shittu alápatà! Ìyá rẹ ní bóyá oyún ni, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, èmi ni mo rán an létí pé o ò tíì lọ́kọ.

O ní dókítà sọ pé ẹran pupa ò dáa fún ẹ̀jẹ̀ ríru, o tún ní àánú ẹran ń ṣe ẹ́. Ti dókítà yé mi. Ti àánú yẹn ló dùn mí, àfi bí ẹni pé ìkà ni iṣẹ́ tí mo fi rán ẹ níléèwé. Mo lọ bi Ààfáà wa bóyá o ti kúrò nínú ẹ̀sìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí kò jẹran kò dẹ́ṣẹ̀. Mo délé, mo wo àgbò tí mo so sẹ́yìnkùlé. Ruqoyah, ewé nìkan lẹran yẹn ń jẹ látìgbà tí wọ́n ti bí i, ó sì sanra ju gbogbo wa lọ. Ọkàn mi bá balẹ̀ pé ebi ò ní pa ẹ́, pàápàá tó o wà nítòsí ọjà ẹ̀fọ́ Mile 12.

Ohun tó kù tó ń dùn mí ni pé o ní o ò ní wálé Iléyá, kójú má baà tì wá lọ́dọ̀ àlejò. Ojú wo? Oníbàárà kan fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìsọ̀ mi, mo gba ṣàkì tó rà padà, mo fún un lówó rẹ̀, kó lọ ra ti ẹlòmíì.

Wálé, jọ̀ọ́. Ìyá rẹ ti gbin tẹ̀tẹ̀, ó ti ra ìkòkò tí ẹran ò wọ̀ rí. Ó bi mí bóyá edé náà wà lára ẹran, mo ní edé lójú, ó lẹ́sẹ̀, kó má fi sí i. Tówó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra ẹ̀gúsí àti irú, ẹ̀fọ́ tí ò lẹ́ran ò gbọdọ̀ ṣàìnírú.

Láti kékeré rẹ, bí a bá ti kírun yìdì dé, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ máa ń fi ẹ̀dọ̀ àgbò ṣínu. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti sọ fún gbogbo ilé pé ẹ̀fọ́ rẹ ni màá kọ́kọ́ bá ẹ jẹ, kí n tó mú ọ̀bẹ rárá.

Ọlọ́run á mú ẹ dé láyọ̀, kò ní fi ẹ́ dù wá. Mi ò ní ṣínu títí wàá fi dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Shittu