Pabitra àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Wẹ́wẹ́

Chizuru ọmọ mi àtàtà,

O kú òtútù Tokyo o, o kú ìfúnpọ̀ inú ọkọ̀ ojú irin. Àwọn baba ńlá wa tí mò ń bu ìrẹsì fún láràárọ̀ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀. Ara mi le dáadáa, yìnyín ti mù wá dé orúnkún ní Tsugaru níbí, a ṣì ń di ápù sínú páálí.

Pabitra, ọmọ Nepal tó ń bá mi di ápù, tó ń sùn ní yàrá rẹ, ló kó mi lọ́kàn sókè lóṣù yìí. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ lọ sọ èdè wa níwájú olùdánwò nílùú, bí kò bá yege, ilé yá nìyẹn, èmi nìkan náà á tún kù. Olùkọ́ rẹ̀ ní ó máa ń fo àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, àwọn "wa", "ga", "o", "ni" inú èdè Japan wa yẹn. Mo ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí ọmọ tó mọ owó ṣọ́ ni! Nígbà tí mo bí ọ, tí bàbá rẹ ń ṣiṣẹ́ ní Tokyo, wáyà tí mo tẹ̀ sí i kò ju "ọmọ dé, obìnrin, wálé" lọ. Wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ gba owó ni, bẹ́ẹ̀ náà sì ni fóònù ṣe rí. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ fún un pé kó máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná.

Àfi bí olùkọ́ ṣe fi ìwé kan ránṣẹ́ tí àlàfo kún inú ẹ̀. Mo ní yíǹkì ló tán lọ́wọ́ wọn, mo bá wọn dí gbogbo ẹ̀. Chizuru, nínú mẹ́wàá, mẹ́ta ni mo gbà! Èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin lẹ́nu èdè yìí! Pabitra rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní ta lẹ rò pé ó kọ́ òun. Ojú tì mí, a wá jọ jókòó kọ́ ọ lálaalẹ́.

Ó yege o! Nígbà tó dé, ó kí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó to gbogbo ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ náà pé pérépéré, mo rò pé àlejò ni. Ó wá bọ́ bàtà, ó ní, "Ebi. Ọbẹ̀ dà?" Ọkàn mi balẹ̀, mo bu ọbẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ọlọ́pàá kìlọ̀ fún àwa àgbà pé àwọn gbájúẹ̀ ń fi fóònù pe ara wọn ní ọmọ wa. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin kan pè, ó ní òun ni Chizuru, kò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ kan. Ta ló lówó tó ń ra ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó báyẹn bí kì í ṣe gbájúẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Pabitra ní ìwọ ni.

Jọ̀ọ́, fi owó bàtà yìnyín ránṣẹ́ fún un, tiẹ̀ ti lu. Wàá jẹ èrè iṣẹ́ rẹ, o ò ní ṣì í ná. Tó o bá tún pè, fo àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ yẹn, kí n lè mọ̀ pé ọmọ mi ni.

Èmi ìyá rẹ,
Tomeyo